Yíyún Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀: Ìwúkàrà Ojú Ara Obìnrin àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ìyá, àwọn ọmọbìnrin àti àwọn ọkọ wọn, ní ẹ̀bá Woolwich Common, Lọ́ńdọ̀nù

Ìwé ìkéde ìpàdé yìí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù ní Plumstead Road kọ ọ́ pé "Ọ̀rọ̀ Ìlera Àwọn Obìnrin". Ẹni tó kọ ọ́ sọ fún mi pé bí òun bá kọ ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an síbẹ̀, ojú á ti àwọn ènìyàn láti wọlé. Mo gbà pé òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí pé òótọ́ ni. Ojú ara obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, àti yíyún tó máa ń mú un, èyí tí àwọn ará ìlú yìí ń pè ní thrush.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi ayé mi ṣe. Ìbàdàn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù níbí ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, gbólóhùn kan ni mo gbọ́ jù lẹ́nu àwọn obìnrin Yorùbá tí nǹkan ń ṣe lábẹ́: "Nọ́ọ̀sì, ó jọ pé mo ní infẹ́kṣọ̀n." Bí mo bá ní infẹ́kṣọ̀n wo, wọ́n á wolẹ̀. Ẹlòmíràn á ní, "Tọ́ílẹ́ẹ̀tì infẹ́kṣọ̀n ni, ibi iṣẹ́ ni mo ti kó o." Ọ̀rọ̀ kan yìí ni mo wá bá jà lónìí. Àrùn bíi márùn-ún ló wà nínú àpò rẹ̀, oògùn wọn kò jọra, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń wá kò jọra. Ìgbà tí a bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo wọn, oògùn kan ṣoṣo náà la máa ń lò sí gbogbo wọn, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sì tètè sọ ọ́: ìjókòó ilé ìyàgbẹ́ kò fún ẹnikẹ́ni ní èyí tí a ń sọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n gba ilé ìdáná wọlé sí ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo ẹni tó ń ka Bíbélì Yorùbá mọ ìwúkàrà. Òun ni a ń pò mọ́ ìyẹ̀fun kí búrẹ́dì tó wú, òun náà ló ń mú ẹmu hó lágbè. Ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Ti búrẹ́dì ní orúkọ tirẹ̀. Èyí tó ń gbé ojú ara obìnrin, Candida albicans ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Ìbátan olú ni wọ́n. Obìnrin ará Netherlands kan, Christine Berkhout, ló sọ ìdílé albicans yìí ní Candida ní ọdún 1923, láti ara ọ̀rọ̀ Látìn kan tó túmọ̀ sí funfun. Ìwúkàrà yìí kì í ṣe àlejò tó ti ìta wá. Nínú obìnrin mẹ́wàá tí ara wọn dá ṣáṣá, ẹ lè rí ẹnì kan tàbí méjì tó ń gbé e lójú ara láìmọ̀, tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Kí ló wá dé tó fi ń di àrùn? Ẹ̀yin tí ẹ ti rẹ àgbàdo rí láti ṣe ògì, ẹ mọ omi orí rẹ̀ tó máa ń kan, tí a ń pè ní omíkan. Lára àwọn tó ń mú un kan ni bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus. Ìbátan rẹ̀ gan-an ló ń gbé ojú ara obìnrin. Òun ló ń mú kí ibẹ̀ kan díẹ̀, tó fi jẹ́ pé lórí òṣùwọ̀n pH tí omi lásán jẹ́ 7, ojú ara obìnrin tí kò tíì dẹ́kun nǹkan oṣù máa ń wà láàárín 3.8 sí 4.5. Kíkan yẹn ń lé ọ̀pọ̀ kòkòrò burúkú sẹ́yìn. Ìwúkàrà kò bẹ̀rù rẹ̀, ó lè gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn bakitéríà rere yìí ti gba gbogbo yàrá, wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ tí òun ì bá jẹ, kò ráyè bí sí i. Ọjọ́ tí nǹkan bá lé àwọn onílé yìí jáde, tàbí tí oúnjẹ bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìwúkàrà á pọ̀ lápọ̀jù, á na ọwọ́ bíi gbòǹgbò sínú awọ ibẹ̀. Ìgbà yẹn ni yíyún á bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé mo mẹ́nu kan omíkan, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má lọ dà á síbẹ̀ o. Àfiwé ni mo ń ṣe.

Yíyún ni olórí àmì rẹ̀, yíyún tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, tí kì í jẹ́ kí ó jókòó pẹ́ nínú bọ́ọ̀sì. Omi ara a máa di funfun, a máa ki bí ògì tó ti sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, tàbí bíi wàrà Fúlàní tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kì í sábà rùn. Ìtọ̀ a máa ta ni bó bá kan ibẹ̀, ìbálòpọ̀ a sì máa dunni. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń pín nílé ìwòsàn kọ ọ́ pé ibẹ̀ á pọ́n. Awọ àwọn òyìnbó ni wọ́n wò tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lára awọ dúdú tiwa, ó lè ṣú sí i, kó dà bí àwọ̀ àlùkò, ó sì lè má hàn rárá, kó kàn wú kó sì máa ta. Ẹni tó bá ń retí pípọ́n kò ní rí i, á sì rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ẹ wá wo àwọn yòókù tó wà nínú àpò "infẹ́kṣọ̀n" náà. Bí omi tó ń dà bá ṣàn, tó rí bí eérú, tó ń rùn bí ẹja, pàápàá lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ìwúkàrà kọ́ nìyẹn. BV ni wọ́n ń pè é. Bakitéríà ló fà á, metronidazole tí a mọ̀ sí Flagyl nílé wà lára oògùn rẹ̀. Bó bá ní àwọ̀ ewé tàbí ìyeyè, tó ń hó, ó lè jẹ́ trichomonas, èyí tí a ń kó nípa ìbálòpọ̀, tó sì yẹ kí tọkọtaya jọ lo oògùn sí. Àtọ̀sí àti chlamydia lè wà lára obìnrin láìfi àmì kankan hàn. Gbogbo wọn ni a ń pè ní infẹ́kṣọ̀n! Ní ọdún 2002, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà ṣe àyẹ̀wò fún obìnrin 95 tí wọ́n ti ra oògùn ìwúkàrà fúnra wọn ní ṣọ́ọ̀bù, tó dá kálukú wọn lójú pé ohun tó ń ṣe òun nìyẹn. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni ìwúkàrà nìkan ń ṣe. Ẹ gbọ́ dáadáa: ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn obìnrin yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ojú lásán kò kàn tó ọ̀rọ̀ yìí ni.

Ní tiwa, wàhálà mìíràn tún wà, mo sì ti dẹ́ṣẹ̀ rẹ̀ fúnra mi. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà, ọmọ ogún ọdún ni mí. Ìrora díẹ̀ mú mi nísàlẹ̀ ikùn, mo sì gbé Ampiclox mì bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Ní ọjọ́ kẹfà, yíyún dé. Mo ní infẹ́kṣọ̀n náà ló ń le sí i, mo tún ra Ampiclox. Yíyún náà pọ̀ sí i. Mo wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi gbígbóná, mo da álọ́ọ̀mù sí i, mo jókòó lé e. Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, àwọn tí a jọ ń gbé yàrá ṣì máa ń rán mi létí. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló mú mi wọ kọ̀rọ̀, tó bi mí léèrè ohun tí mo ń lò, tó sì la ọ̀rọ̀ náà yé mi.

Ohun tó sọ fún mi ni mo ń sọ fún yín. Ampiclox ń wó ògiri ara bakitéríà ni. Ìwúkàrà kì í ṣe bakitéríà. Ohun tí òun fi mọ ògiri tirẹ̀ yàtọ̀, Ampiclox kò sì lè rí i ṣe. Àwọn bakitéríà rere tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ló ń pa. Nítorí náà, ẹni tí ìwúkàrà ń yọ lẹ́nu tó lo Ampiclox, àwọn ọlọ́dẹ ilé ara rẹ̀ ló yìnbọn lù. Mo mọ̀ pé ó wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ nínú yín ní Thamesmead àti Abbey Wood, tí ẹ̀gbọ́n rọra dì sáàárín gaàrí láti Èkó. Ní orílẹ̀-èdè yìí, wọn kì í ta irú oògùn bẹ́ẹ̀ lórí kàǹtà lásán. Bí dókítà bá sì kọ ọ́ fún yín nítorí àìsàn mìíràn, ẹ lò ó pé, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé yíyún lè tẹ̀lé e, kí ẹ má bàa tún fi òmíràn lé e.

Yàtọ̀ sí oògùn, oyún náà wà lára ohun tó ń fún ìwúkàrà láyè. Àtọ̀gbẹ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin àgbà gbọ́ sí. Ṣúgà tó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ ìwúkàrà, nígbà mìíràn yíyún tí kò lọ ni ó kọ́kọ́ ń tú àṣírí àtọ̀gbẹ tí ẹnì kan kò mọ̀ pé òun ní. Àwọn oògùn àtọ̀gbẹ tuntun kan tún wà, dapagliflozin àti empagliflozin, tó ń da ṣúgà jáde nínú ìtọ̀. Oògùn rere ni wọ́n, wọ́n ń dáàbò bo ọkàn àti kíndìnrín. Ṣùgbọ́n ṣúgà tó ń gba ibẹ̀ jáde oúnjẹ ìwúkàrà ni, àwọn tó ń lò ó a sì máa ní yíyún, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kí ẹnikẹ́ni má fi í sílẹ̀ nítorí èyí láìsọ fún dókítà. Ẹ lọ bá a, ẹ ṣàlàyé, ẹ jẹ́ kí ó tọ́jú yíyún náà. Àìlágbára àwọn ọmọ ogun ara, yálà nítorí HIV tí a kò tọ́jú tàbí nítorí oògùn àrùn jẹjẹrẹ, wà lára ohun tó ń fà á pẹ̀lú.

Bàbá kan tó jókòó lápá ẹ̀yìn ti kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ṣé ìyàwó òun lè kó o láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin mìíràn. Ẹ ṣeun, bàbá, tí ẹ béèrè dípò kí ẹ máa dá ẹjọ́ nínú ọkàn yín. Àwọn oníṣègùn kò ka ìwúkàrà ojú ara mọ́ àrùn ìbálòpọ̀. Wúńdíá lè ní in. Opó tó ti ń dá sùn láti ọdún mẹ́wàá lè ní in. Bí obìnrin mẹ́rin bá jókòó níbí, mẹ́ta nínú wọn ni yóò ní in ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé wọn. Ọkọ kò nílò oògùn àyàfi bí orí okó tirẹ̀ náà bá ń yún tàbí tó ń ta. Mo ti rí ìgbéyàwó tó fẹ́ tú ká nítorí kíríìmù kan tí ọkọ rí nínú báàgì ìyàwó. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ìtìjú tí mo ń wí yìí kì í ṣe tiwa nìkan, ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ìta. Ìlú ológun ni Woolwich, orí pápá tó wà níwájú wa yìí ni àwọn ọmọ ogun ti máa ń ṣe ìdánrawò. Ní ọdún 1864, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ yìí ṣe òfin kan tí wọ́n pè ní Contagious Diseases Act, wọ́n sì dárúkọ Woolwich sínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìlú ológun bíi Portsmouth, Chatham àti Aldershot. Àrùn ìbálòpọ̀ ti pọ̀ láàárín àwọn sójà. Àwọn obìnrin ni òfin náà dojú kọ. Ọlọ́pàá tó bá fura sí obìnrin pé aṣẹ́wó ni lè mú un lọ fún àyẹ̀wò ojú ara ní tipátipá. Bí dókítà bá ní ó lárùn, wọ́n lè tì í mọ́ ilé ìwòsàn fún oṣù mẹ́ta, nígbà tó sì di ọdún 1869 wọ́n sọ ọ́ di oṣù mẹ́sàn-án. Wọn kì í yẹ sójà wò bẹ́ẹ̀.

Ẹ ronú sí i. Dókítà kan tó ń jẹ́ Wilkinson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The Lancet ní ọdún 1849 pé òun rí ohun kan tó ń hù bí ewéko kékeré nínú omi ara obìnrin. Ìwúkàrà ni ó rí. Ṣùgbọ́n kòkòrò àtọ̀sí fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó rí i títí di ọdún 1879, nígbà tí Albert Neisser fi ẹ̀rọ amóhuntóbi rí i ní Jámánì. Nígbà tí òfin ọdún 1864 bẹ̀rẹ̀, ojú lásán ni dókítà fi ń wò. Kí ni yóò fi mọ omi ara tí àtọ̀sí fà yàtọ̀ sí èyí tí ìwúkàrà fà? Mo máa ń rìn kọjá lórí pápá yìí, mo sì máa ń rò ó pé irú àwọn obìnrin wo ni wọ́n pè ní aṣẹ́wó nítorí yíyún tí kò ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin wá. Josephine Butler àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá òfin náà jà láti ọdún 1869, títí wọ́n fi pa á rẹ́ ní ọdún 1886. Lónìí, Queen Elizabeth Hospital, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2001, wà ní etí pápá yìí kan náà. Kò sí ọlọ́pàá tó ń wọ́ obìnrin lọ fún àyẹ̀wò mọ́. Àwa la wá ń sá fún un fúnra wa.

Bí oògùn ìwúkàrà ṣe dé tún jẹ́ ìtàn tó máa ń mú inú mi dùn. Obìnrin méjì ló ṣe é. Elizabeth Hazen wà ní ìlú New York, Rachel Brown wà ní Albany, iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ New York ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Hazen ń wá ohun tó lè pa irú ìdílé ìwúkàrà yìí nínú erùpẹ̀ tí wọ́n kó láti ibi púpọ̀. Ó ń fi àwọn tó bá rí ránṣẹ́ sí Brown nínú ìgò nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ lásán, Brown á yọ èròjà inú rẹ̀, á dá a padà. Erùpẹ̀ oko ọ̀rẹ́ Hazen kan ní Virginia ni wọ́n ti rí i. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ọdún 1950, wọ́n sì sọ ọ́ ní nystatin, láti ara orúkọ ìpínlẹ̀ New York. Owó tó wọlé lórí rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́tàlá dọ́là lọ. Wọn kò mú kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ni wọ́n fi gbogbo rẹ̀ fún.

Èyí tí a ń lò jù nísinsìnyí jẹ́ ará ilé. Fluconazole, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Pfizer ló ṣe é ní ìlú Sandwich ní Kent, ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1980. Títí di ọdún 1889, Kent yẹn náà ni Woolwich wà. Ohun tí oògùn yìí ń ṣe ni pé ó ń dí ìwúkàrà lọ́wọ́ láti ṣe ọ̀rá tó fi ń hun awọ ara rẹ̀. Ara ènìyàn kò lo irú ọ̀rá yẹn, ìdí nìyẹn tó fi ń dààmú ìwúkàrà ju tiwa lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ibi ìtọ́jú. Obìnrin tó wà láàárín ọmọ ọdún 16 sí 60, tí kò lóyún, tí kò fún ọmọ lọ́mú, tó ti ní in rí tí dókítà sì ti sọ fún un pé òun ni, lè wọ ilé ìtajà oògùn èyíkéyìí ní Powis Street láìgba ìwé. Ọ̀nà méjì ni ó wà. Ó lè gbé kápúsù fluconazole kan mì, 150 miligíráàmù, ẹ̀ẹ̀kan péré. Tàbí kó fi oògùn clotrimazole, 500 miligíráàmù, sójú ara lálẹ́ ọjọ́ kan kó tó sùn. Agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kíríìmù clotrimazole wà pẹ̀lú fún ìta ibẹ̀, láti mú yíyún rọlẹ̀. Kò ní lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kíríìmù àti oògùn ojú ara yìí lè jẹ́ kí rọ́bà ìdáàbòbò já, nítorí náà ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé rọ́bà gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn mìíràn, bíi warfarin tàbí oògùn ọ̀rá ẹ̀jẹ̀, kí ó kọ́kọ́ sọ fún apoògùn kí ó tó ra kápúsù náà, torí wọ́n lè kọlu ara wọn.

Aláboyún kò gbọ́dọ̀ gbé fluconazole mì fún èyí. Oògùn ojú ara ni tirẹ̀, ọjọ́ méje ni wọ́n sábà máa ń fún un, dókítà tàbí agbẹ̀bí ni yóò sì fún un. Ọ̀fẹ́ ni oògùn tí dókítà bá kọ fún un, títí di ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ. Ọmọbìnrin tí kò tó ọdún 16, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, kí ó lọ. Ẹni tó ti ń rí i ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láàárín oṣù mẹ́fà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń bá omi ara rẹ̀ jáde, tí ibẹ̀ ní egbò, tí inú ìsàlẹ̀ ń dùn tàbí tí ibà ń ṣe, kí ó má ra nǹkan kan ní kàǹtà.

Ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ ti kọjá ọmọ ọgọ́ta, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ èyí pẹ̀lú ìtẹnumọ́. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, ìwúkàrà kì í sábà wá mọ́, àyàfi bí àtọ̀gbẹ bá wà tàbí tí ẹ bá ń lo oògùn tó ń dá èròjà obìnrin padà sára. Àgbà obìnrin tí ibẹ̀ ń yún fún oṣù púpọ̀, tó ń fi kíríìmù pa á, lè ní àrùn awọ ara kan tí wọ́n ń pè ní lichen sclerosus, tí awọ ibẹ̀ á funfun, á fẹ́lẹ́, á máa ya. Oògùn tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, bí a kò bá sì tọ́jú rẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ lára àwọn díẹ̀. Ojú dókítà gbọ́dọ̀ kàn án. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ìyá àgbà láti tú aṣọ níwájú ọmọdé dókítà. Ẹ lè béèrè fún dókítà obìnrin, ẹ sì lè ní kí ẹlòmíràn dúró ti yín.

Àwọn kan wà tí tiwọn kì í lọ. Ó ń padà wá nígbà mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún. Oògùn ẹ̀ẹ̀kan kò tó wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi owú tó wà lórí igi tín-ínrín gba omi ara wọn lọ sí yàrá àyẹ̀wò, torí ẹ̀yà ìwúkàrà kan wà, glabrata, tí fluconazole kì í sábà rí ṣe dáadáa. Bó bá jẹ́ albicans, wọ́n á fún wọn ní kápúsù mẹ́ta, ọ̀kan lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, lẹ́yìn náà ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan fún oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà gùn, mo mọ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lágbedeméjì nítorí pé ara ti dẹ̀.

Ní ti omi oníyọ̀, Dettol, álọ́ọ̀mù, aáyù, ọṣẹ olóòórùn dídùn, àti àwọn wóró tí wọ́n ń tà lórí fóònù pé ó ń "fọ ilé ọmọ", mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run. Ojú ara kò nílò kí ẹnikẹ́ni fọ inú rẹ̀. Ó ń fọ ara rẹ̀. Ohun tí ẹ bá dà síbẹ̀, àwọn bakitéríà rere ló ń lé lọ, BV sì máa ń tẹ̀lé e. Omi lásán fún ìta ibẹ̀ tó. Àwọn kíríìmù tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ nínú ọ̀kan, tí a ń rà láti ilé, sítẹ́rọ́ọ̀dù wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ó ń pa yíyún lẹ́nu fún ọjọ́ díẹ̀ nígbà tí ìwúkàrà ń gbilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, bó bá sì pẹ́, awọ á fẹ́lẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó mọ́jú, tí ẹ wọ ṣòkòtò fífún fún wákàtí méjìlá, ẹ fi owú ṣe àwọ̀tẹ́lẹ̀ yín, kí ẹ sì bọ́ ṣòkòtò náà bí ẹ bá délé.

Mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ mi síbi tí àwọn kan nínú yín wà gan-an, níbi ẹnu ọ̀nà dókítà. Ẹ̀yin tí ìwé ìgbélùú yín kò tíì pé, ẹ gbọ́: ọ̀fẹ́ ni fún ẹnikẹ́ni láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò, ní England, wọn kò sì gbọ́dọ̀ lé yín padà nítorí pé ẹ kò ní ìwé. Ọ̀fẹ́ ni ilé ìwòsàn ìlera ìbálòpọ̀, ẹ kò sì nílò kí GP kọ́kọ́ kọ̀wé ránṣẹ́. Bí ẹ bá dé kàǹtà apoògùn tí èrò pọ̀, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ yàrá ìkọ̀kọ̀. Ó wà ní ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ìtajà oògùn. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá sì gbé ohun tó ń ṣe yín, ẹ béèrè fún ògbufọ̀ Yorùbá nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́ ìpàdé. NHS, iṣẹ́ ìlera ìjọba, ló ń sanwó rẹ̀. Ẹ má ṣe mú ọmọ yín ọlọ́dún mẹ́wàá wọlé láti wá túmọ̀ ojú ara ìyá rẹ̀ fún dókítà. Ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́, ní èdè yín, ẹ pè é lórúkọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.